Ajá Kejìlá

Minori dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Bàbá Kuwabara, ó fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó sì ń wo aago ọwọ́ kejì. Aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mẹ́rin géérégé ni ọkọ̀ tí ń kó ẹrù tútù máa ń dé sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ èbúté, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àpótí tó dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún fún yìnyín. Ìgò kéékèèké mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ti fi nu ẹnu ajá. Òfìfo ni ìgò kejìlá.

"Àgò onílé o!" ó ké.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ti fa gbogbo pákó ojú fèrèsé dé. Pátákó ìkéde àdúgbò, tí ilé kan máa ń gbé fún ilé kejì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á tí wọ́n sì ti tẹ òǹtẹ̀ orúkọ wọn sí i, fara ti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án. Tetsu, ajá bàbá náà, tí kì í jẹ́ kí ológbò kọjá láìgbó mọ́ ọn, kò gbó rárá. Ìgbà náà ni Minori rántí pé ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ìlú ń lọ tún ojú oórì ṣe la wà yìí. Bàbá ti lọ sí ibojì ìyàwó rẹ̀ lókè, ó sì ti mú Tetsu dání.

Ẹ̀bi ta ni? Minori mọ̀ dáadáa. Ọjọ́rú ló kọ́kọ́ wá síbí. Ó ti igi olówùú bọ ẹnu Tetsu, Tetsu gbá a mú, ó sì rún un wómúwómú bí ẹni ń jẹ egungun ẹja. Bàbá ni ó di ọrùn ajá náà mú, ọwọ́ bàbá sì ń gbọ̀n.

"Ṣé ó ti tó, ọmọ mi?" bàbá bi í léèrè.

Minori wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, kò sì lè sọ pé kí bàbá tún dì í mú. Nínú ìlú wọn, àtikékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Òùngbẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mìíràn kó tó béèrè omi nílé onílé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹrí ba tó ní, "Ó ti tó, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an ni." Irọ́ kékeré ni, irọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó rò pé òun á padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ara bàbá bá ti balẹ̀. Àbámẹ́ta nìyí, ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Ọ̀gá Hirabayashi, olùkọ́ wọn nínú ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì, ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta: "Bí ẹ kò bá rí mú, ẹ kọ 'a kò rí mú' sínú fọ́ọ̀mù. Ojú kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni." Ṣùgbọ́n Tomoe, olórí ẹgbẹ́ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ti sọ tirẹ̀ náà: "Ajá méjìlá la kọ ránṣẹ́ sí yunifásítì, ajá méjìlá ni mo fẹ́ rí. Ẹni tó bá mú mọ́kànlá wá, kó ya ẹnu tirẹ̀ ká fi ṣe ìkejìlá." Gbogbo wọn ti rẹ́rìn-ín. Minori náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò nínú rẹ̀.

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Botan, ajá màmá àgbà rẹ̀, sùn sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá. Òun ni ajá kẹta. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Minori ti nu ẹnu rẹ̀, kété tí màmá àgbà fi búrọ́ṣì fọ eyín iwájú rẹ̀ tán. Kò sáyè eré báyìí. Ó la ẹnu ajá náà, ó ti igi olówùú náà wọ ẹ̀yìn pátápátá, síbi eyín ìsàlẹ̀ kan tó ti ń jẹrà tí Botan kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Botan kérora, ṣùgbọ́n kò bù ú jẹ. Minori ni, ó fọkàn tán an.

"Ta lò ń dà láàmú níbẹ̀ yẹn?" màmá àgbà bi í láti ilé ìdáná.

"Kò sí o, Màmá."

Ó kọ ọ́ sára ìgò náà: *12. Tetsu, ti Bàbá Kuwabara.* Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, kò sí ibi tó ti wọ́. Nígbà tó dé èbúté, ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́rin lù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀gá Hirabayashi sáré wọ yàrá ẹgbẹ́ wọn, bàtà ilé kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Nọ́ńbà kejìlá!" ó pariwo. "Ta ló mú nọ́ńbà kejìlá?"

Minori dìde dúró. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ nígbà tí olùkọ́ náà bú sẹ́rìn-ín tó sì gbá tábìlì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Dókítà Usami, obìnrin tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ẹnu ajá, ti nu igi olówùú kejìlá sórí oúnjẹ tí wọ́n fi ń tọ́ irú wọn, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tí kò sí afẹ́fẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun dúdú kan hù níbẹ̀, ó rí tíntìntín bí hóró yànmọ̀tí. Nígbà tó yẹ ìran rẹ̀ wò, tó fi wé gbogbo èyí tí ayé ti kọ sílẹ̀, kò bá èyíkéyìí mu. Èyí tó sún mọ́ ọn jù gan-an jìnnà sí i. Ẹ̀yà tuntun ni. Láti ìgbà tí ajá ti ń bá èèyàn gbé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà.

Ariwo ayọ̀ gba yàrá náà kan. Tomoe, tí kì í dì mọ́ ẹnikẹ́ni, rọ̀ mọ́ Minori lọ́rùn.

"Minori, o ṣe é! Màá kọ ọ́ sínú lẹ́tà mi. Àbí o mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún mi?"

Minori mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni ilé ìwé lè fà kalẹ̀ lọ́dún fún yunifásítì láìjẹ́ pé ó ṣe ìdánwò ńlá oṣù kejì, Tomoe ni wọ́n sì fà kalẹ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lọ́jọ́ Ẹtì tó parí oṣù.

"Ohun kan péré ló ya Dókítà lẹ́nu," Ọ̀gá Hirabayashi tún sọ. "Ó ní yàtọ̀ sí ohun dúdú yẹn, nọ́ńbà kẹta àti ìkejìlá jọra wọn bí ọmọ ìyá. Ó ní àfi bí ẹni pé abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Minori bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà ilé tí kò lókùn.

Wọ́n kọ ìròyìn náà sí pátákó ìkéde àdúgbò, ó sì lọ láti ilé dé ilé. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Kuwabara wọ ọgbà ilé ìwé pẹ̀lú agbọ̀n ọsàn tútù. Ó ti so aṣọ pupa mọ́ Tetsu lọ́rùn.

"Ajá ẹlẹ́nu rírùn mi rèé!" ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, títí kan ọkùnrin tó ń gé koríko. "Ìyàwó mi kì í jẹ́ kó wọlé. Ó ní òórùn ẹnu rẹ̀ lè pa ẹja nínú omi. Ìyàwó mi ì bá wà láyé kó wá wò ó!" Ó yíjú sí Minori, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ lo rí i. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Minori gba ọsàn. Ó fi í sápò láìbó o.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀, bóyá ì bá gbé irọ́ yìí mọ́ra títí tó fi máa dàgbà. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù, Dókítà Usami fóònù pé afẹ́fẹ́ ráàyè wọ inú àpótí òun, kòkòrò náà sì ti kú tán. Ó ní àkọsílẹ̀ ìran rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n òfin àwọn onímọ̀ ni pé kí wọ́n tó fún ẹ̀yà tuntun lórúkọ, ó gbọ́dọ̀ wà láàyè ní ilé ìpamọ́ méjì, ní orílẹ̀-èdè méjì. Àfi kí wọ́n padà sẹ́nu ajá kejìlá.

Ọ̀gá Hirabayashi àti Minori lọ bá Tetsu. Tetsu rún igi olówùú mẹ́rin, ó sì bu olùkọ́ jẹ ní àtàǹpàkò. Itọ́ lásán ni wọ́n rí mú. Dókítà Usami ní òun yóò wá fúnra òun lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú dókítà ẹran, kí wọ́n fún ajá náà lábẹ́rẹ́ oorun, kí òun lè ráàyè dé abẹ́ èrìgì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, Minori fa Tomoe lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń pariwo.

"Ta ló tún mọ̀?" Tomoe béèrè.

"Èmi nìkan, Ẹ̀gbọ́n. Àti ẹ̀yin báyìí."

"Kó mọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹ̀gbọ́n Tomoe, ẹnu Botan ló wà o, kì í ṣe—"

"Mo gbọ́. Ṣé Botan yín fẹ́ sá lọ ni? Ajá arúgbó tí kò lè gun àtẹ̀gùn!" Ó sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Wò ó, Minori. Mo ti fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́ lọ́la pé irọ́ ni, ta ni wọ́n máa pè ní onírọ́? Èmi ni. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo bẹ̀ ọ́. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lọ sọ ohun tó bá wù ọ́."

"Wọ́n máa gún Tetsu lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́bọ̀."

"Àbí kí ni abẹ́rẹ́ oorun máa fi ajá ṣe? Á sùn, á jí. Ó sì lè jẹ́ pé òun náà ní in lẹ́nu." Ó gbá a léjìká. "Ọmọ dáadáa ni ọ́."

Aṣáájú ẹni ti sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ Minori dàgbà, ó ṣòro kí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ja ẹni tó wà ní kíláàsì àṣekágbá níyàn. Síbẹ̀, n kò ní tìtorí ìyẹn dá a láre. Ara tù ú pé ẹlòmíràn ti bá a pinnu, ó sì mọ̀ pé ara tu òun.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ kejì, Botan kò wá pàdé rẹ̀. Ó sùn sórí aṣọ ìnura kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú.

"Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran," màmá àgbà sọ, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. "Ó ti yọ eyín burúkú yẹn. Ó fún un ní oògùn apakòkòrò, ó ní kí n máa pò ó mọ́ ìrẹsì rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbóòórùn ẹnu rẹ̀ wò! Kò rùn mọ́!"

Minori kúnlẹ̀ ti ajá náà. "Màmá, eyín náà dà?"

"Mo ti jù ú sórí òrùlé."

"Sórí òrùlé?"

"Eyín ìsàlẹ̀ mà ni. Ṣé abẹ́ ilé, níbi tí à ń ju ti òkè sí, lo fẹ́ kí n jù ú sí ni? Gbogbo ti ìsàlẹ̀ rẹ tó yọ nígbà tó o wà lọ́mọdé, òkè níbẹ̀ náà ni mo jù wọ́n sí, wo bí àwọn tuntun ṣe hù gúnrégé." Màmá àgbà wò ó dáadáa. "Kí ló dé tí ojú rẹ fi fà ro báyìí? Eyín ajá lásánlàsàn!"

Minori jáde, ó gbójú sókè wo òrùlé. Kò rí nǹkan kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti bọ́, pé kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ òun tún lè tún ṣe. Gbogbo ọjọ́rú ló fi ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Kò rò ó rárá pé ajá kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ òun lè gbà sílẹ̀. Tàbí ká sọ pé ó rò ó, ṣùgbọ́n ó ń sá fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kúkúrú nílé Bàbá Kuwabara. Dókítà Usami, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, ti to àwọn ìgò rẹ̀ sílẹ̀. Minori àti Ọ̀gá Hirabayashi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dókítà ẹran gbé ohun tó fi ń gbọ́ ìlù ọkàn lé igbá àyà Tetsu. Ó gbọ́, ó tún gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá, ọkàn rẹ̀ kò lù déédéé mọ́," ó sọ. "Arúgbó ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jí nínú irú oorun yìí, àmọ́ àwọn kan kì í jí. Mi ò fẹ́ kí ẹ sọ lẹ́yìn ọ̀la pé n kò sọ fún yín."

"Ẹ lè kọ̀ o," Dókítà Usami fi kún un. "A kò ní bínú. Òótọ́ ni mò ń bá yín sọ."

Bàbá ń fi ìka rọra họ ẹ̀yìn etí Tetsu. Lórí pẹpẹ kékeré tó wà lára ògiri, àwòrán ìyàwó rẹ̀ ń wò wọ́n, ọsàn kan wà níwájú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàlá lèmi àti òun ti wà," ó sọ. "Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, òun nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò purọ́ fún yín." Ó nu imú. "Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹnu tirẹ̀ nìkan ni nǹkan yẹn wà ní gbogbo ayé, ta lèmi tí màá tì í mọ́lé? Ẹ máa ṣe é lọ."

Ó mú báírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ìyọ̀ǹda, ó sì tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i. Dókítà ẹran tan ẹ̀rọ ìfárun, ó bẹ̀rẹ̀ sí fá irun apá iwájú Tetsu. Irun pupa náà ń já sórí aṣọ funfun. Tetsu wo bàbá, ó wo Minori, ó sì mi ìrù lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ dúró!"

Minori kò mọ̀ pé ohùn òun ròkè tó bẹ́ẹ̀. Ó ti wà lórí eékún. Ó fi iwájú orí kan ẹní.

"Kì í ṣe ẹnu Tetsu ni mo ti mú un. N kò rí ti Tetsu mú rí. Botan ni, ajá wa. Mo mú un lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ orúkọ Tetsu sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́!"

Dókítà ẹran pa ẹ̀rọ náà. Minori ń retí kí ẹnì kan gbá òun létí, ó tilẹ̀ ń fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe ti Tetsu?" bàbá béèrè jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe tirẹ̀, Bàbá."

Bàbá gbé ajá rẹ̀ sórí itan. Ó tú aṣọ pupa tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ká a, ó fi sápò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn dókítà méjèèjì tó wọkọ̀ ojú omi wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì tẹrí ba fún wọn. "Ẹ má bínú," ó ní. "Èmi àti ajá mi ti da yín láàmú lásán." Minori sunkún nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Òun ló ṣẹ̀, bàbá ló ń tọrọ àforíjì.

Wọ́n lọ bá Botan lọ́jọ́ náà gan-an. Igi olówùú márùn-ún ni Dókítà Usami lò. Ọ̀gá Hirabayashi gun àkàbà, ó ń táràrà láàárín ewéko orí òrùlé títí tó fi rí eyín náà nínú ọ̀nà omi òjò. Dókítà Usami fi ẹ̀mú gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn lójú oòrùn.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n yọ ọ́?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," Minori dáhùn.

"Ìwọ ńkọ́, ọjọ́ wo lo ti mọ̀ pé Botan ni?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, mà."

Dókítà Usami kò jágbe mọ́ ọn. Ó fi eyín náà sínú ìgò, ó dé e. "Ó wà nínú ibí yìí," ó sọ, "àmọ́ òkú rẹ̀ ni. Ká ní mo gbọ́ lọ́jọ́ Ajé…" Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí èsì igi márààrún dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Oògùn apakòkòrò ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Minori kò dárúkọ Tomoe fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Tomoe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nígbà tí wọ́n sì bi í nípa ẹ̀yà tuntun náà, ó sọ fún wọn pé àṣìṣe wà nínú lẹ́tà òun. Wọn kò mú un. Ó di dandan kó jókòó ìdánwò oṣù kejì bíi ti gbogbo ayé. Bó bá rí Minori lójú ọ̀nà, á kọjá sí òdìkejì.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé pátákó ìkéde ló gbé irọ́ náà káàkiri, Minori bẹ Ọ̀gá Hirabayashi pé òun fẹ́ kó gbé òtítọ́ káàkiri. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀: pé òun kò rí ẹnu ajá kejìlá nù, pé òun fi ajá òun rọ́pò, pé òun dákẹ́ títí ohun tí wọ́n ń wá fi ṣègbé. Ó fọwọ́ sí i. Kò jẹ́ kí ilé kan gbé e fún ilé kejì. Òun ló ń gbé e lọ, tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Àwọn kan wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ìyá kan sọ fún un pé, "Ó mà ṣe o," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nílé Tomoe, Tomoe fúnra rẹ̀ ló jáde. Ó kà á tán, ó gbé pátákó náà wọlé. Nígbà tó fi gbé e jáde, òǹtẹ̀ ilé wọn ti wà níbẹ̀, ìlà kan sì ti wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ Minori: *Èmi Tomoe mọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo ní kó dákẹ́.*

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò—"

"Gbé e lọ," Tomoe sọ. "Inú ń bí mi sí ọ síbẹ̀ o. Má rò pé ó ti tán."

Ilé Bàbá Kuwabara ló gbẹ̀yìn. Bàbá gba pátákó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ mẹ́ta kọjá, pátákó náà kò jáde. Àwọn ará àdúgbò ń béèrè pé níbo ni ìkéde gbígbá etí òkun wọlé sí. Minori mọ ibi tó wà. Kò lọ béèrè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, Àbámẹ́ta, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Minori lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pátákó náà wà lábíyá rẹ̀, Tetsu sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irun apá tí wọ́n fá ti ń hù díẹ̀díẹ̀.

"Igi olówùú rẹ dà?" ó bi Minori.

"Bàbá?"

"O sọ fún mi nígbà yẹn pé ó ti tó. Kò tó. Lọ mú un wá."

Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá di ajá náà mú, Tetsu sì fọ́ igi àkọ́kọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Minori wo ọwọ́ náà.

"Ọwọ́ mi ò ní ṣíwọ́ gbígbọ̀n títí màá fi kú," bàbá sọ. "Ẹnu lo fi ń béèrè nǹkan. Béèrè."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi dì í mú."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ẹ̀ẹ̀meje ló béèrè. Ní ìkeje, ó rẹ Tetsu, ó la ẹnu, igi náà sì wọlé dé abẹ́ èrìgì. Minori kọ ọ́ sára ìgò: *12. Tetsu.* Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé e sínú yìnyín.

Nínú ìwé Dókítà Usami, kòkòrò dúdú yẹn ṣì wà láìlórúkọ títí di òní. Nọ́ńbà lásán ni, wọ́n sì kọ "a kò rí i mọ́" sí iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni Minori ì bá kọ lọ́jọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà títì: a kò rí mú. Ojú ì bá tì í díẹ̀, Tomoe ì bá fi í ṣẹ̀sín dé ọjọ́ kejì, ó tán. Irọ́ tó fi dí àlàfo yẹn ló gba ohun tí kò sí irú rẹ̀, ló ba ọ̀nà Tomoe jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ajá tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà sì burú ju irọ́ náà lọ, nítorí ojoojúmọ́ ló ní àyè láti fòpin sí i.

Nígbà tí èsì ti Tetsu dé, Minori ló gbé e lọ fún bàbá. Bàbá fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kò sí tuntun kankan níbẹ̀," ó ní.

"Kò sí, Bàbá. Irú èyí tó wà lẹ́nu gbogbo ajá ni."

"Ṣùgbọ́n ti Tetsu ni?"

"Ti Tetsu ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ni mo fi mú un."

Bàbá dìde, ó gbé ìwé náà síwájú àwòrán ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọsàn kan tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.